Orin Wo Ni Ká Fún Ọmọ Tẹ̀?

Ọ̀rọ̀ lórí yíyan orin píánò ìgbàlódé fún ìdánwò, tí a sọ níbi àpèjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Abẹ́òkúta

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè mí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: kí n sọ ohun tí ọmọ tó ṣì wà nínú yunifọ́ọ̀mù lè mú lò. Iṣẹ́ orin ni mo mọ̀, ibẹ̀ náà ni n ó dúró sí.

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kan láti Abẹ́òkúta ń jókòó sídìí píánò fún ìdánwò. Àwọn kan ń ṣe ti WAEC, níbi tí Music ti ní apá tí ọmọ yóò fi ohùn tàbí ohun-èlò ṣe lójú olùdánwò. Àwọn mìíràn ń ṣe ti ABRSM, ẹgbẹ́ onídàánwò orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1889, tí ìpele rẹ̀ lọ láti 1 dé 8. Nínú èyí tí mo ti rí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ṣe dáadáa, kì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò mọ́ iṣẹ́. Orin tí wọ́n gbé fún wọn ni kò bá wọn mu. Orin ìgbàlódé ló sì máa ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ jù. Ti Bach àti ti Mozart, gbogbo olùkọ́ ló ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ti ìgbàlódé, kálukú a kàn mú ohun tó bá ṣáà ti rí. Ìyẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò pọ̀.

ORIN WO LÓ Ń JẸ́ ORIN ÌGBÀLÓDÉ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sọ fún ọmọ SS 2 pé kó mú orin ìgbàlódé wá, èyí tó ń lọ lórí rédíò ló máa mú wá, tàbí orin ìyìn tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mi ò bá a jà. Orin ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdánwò ń pè bẹ́ẹ̀ ni orin tí ẹnì kan jókòó ṣẹ̀dá, tó kọ ọ́ sílẹ̀ nóòtù kọ̀ọ̀kan, láti nǹkan bí ọdún 1900 títí di òní. Orin bẹ́ẹ̀ máa ń gba ohun tí àwọn ará àtijọ́ kò gbà: ohùn méjì tó ń ta ko ara wọn, ìlù tí kì í dúró lójú kan, ìparí tí kò balẹ̀ síbi tí etí retí.

Láyé ọjọ́un, ABRSM a máa pín orin sí A, B àti C gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. C ni ti ọ̀rúndún ogún wá sókè. Lóde òní, ìwà orin ni wọ́n fi ń pín in: A fún orin tó ń dán ìka wò, B fún èyí tó ń fà bí orin ẹnu, C fún onírúurú ìwà àti àṣà. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe rò pé tí ọmọ bá ti mú ọ̀kan nínú C, ó ti mú ti ìgbàlódé nìyẹn. Orin ìgbàlódé lè wà ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíkà ló gbà.

KÍ NI WỌ́N Ń FÚN NÍ MÁÀKÌ?

Ní ìdánwò ABRSM tí ọmọ ń ṣe lójúkojú, orin mẹ́ta ni yóò tẹ̀. 30 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Scales gba 21, kíka orin tí kò rí rí gba 21, ìdánwò etí gba 18. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150. Ẹni tó bá ní 100 ti yege, 120 jẹ́ Merit, 130 sì jẹ́ Distinction. Láti 2020 ni wọ́n ti mú irú kejì wá, tí ọmọ yóò ká ara rẹ̀ sórí fídíò ránṣẹ́. Nínú ìyẹn, orin mẹ́rin ni, 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 30 tó kù sì jẹ́ fún bí gbogbo eré náà ṣe lọ látòkè délẹ̀. Kò sí scales, kò sí kíka orin àìrírí.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Nínú irú àkọ́kọ́, 90 nínú 150 ló wà lórí orin tí ẹ fúnra yín yàn. Nínú irú kejì, gbogbo 150 ló wà lórí rẹ̀. Ibi tí owó wà nìyẹn o, ibẹ̀ náà ló sì yẹ ká ṣọ́.

Ohun márùn-ún ni olùdánwò ń gbọ́ nínú orin kọ̀ọ̀kan. Ṣé nóòtù rẹ̀ tọ̀nà? Ṣé àkókò rẹ̀ dúró? Ṣé ohùn tó ń fà jáde látinú píánò dára? Ṣé gbólóhùn orin ní ìrísí, àbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ? Ṣé ó ṣe é bí ẹni tó ní nǹkan láti sọ? Kò sí ẹ̀kẹfà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn yóò bù kún máàkì ọmọ torí pé orin rẹ̀ le ju ti ẹnìkejì lọ nínú ìpele kan náà.

Mo mọ ọmọkùnrin kan, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ fi dandan lé e pé orin tó le jù nínú ìwé ni kó mú, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ lágbájá ló tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́fà ló fi bá orin náà wọ̀yá ìjà. Scales rẹ̀ jó rẹ̀yìn, orin méjì tó kù kò rí ìtọ́jú. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin orin náà. Ó bọ́ sí 90 ó lé díẹ̀. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan píánò fún ọdún kan gbáko. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe máàkì, nítorí a lè tún ìdánwò ṣe. Ọdún kan tí ọmọ ọdún 15 fi gbà pé òun kò mọ nǹkan kan, ta ló máa dá a padà fún un?

ÀWA ẸGBÁ ÀTI DÙÙRÙ

Àwọn kan á ní: píánò kì í ṣe tiwa, kí ló wá kan orin wa níbẹ̀? Ẹ jẹ́ n rán yín létí ibi tí a ti ń bọ̀.

Nígbà tí orin ìsìn òyìnbó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin náà sì mọ èdè wa: ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́. Ohùn orin gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ bá bàjẹ́, à ń kọrin ohun tí a kò ní lọ́kàn. Olóògbé Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí ní 1855 tó sì kú ní 1930, wà lára àwọn tó wá nǹkan ṣe sí i. Ó mú ohùn ilé, ó fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí i, orin náà sì bá ọ̀rọ̀ lọ. Ní 1922, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin tó lé ní 40 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Orin Ẹ̀gbá tí gbogbo wa ń dìde dúró kọ lónìí, òun náà la mọ̀ mọ́ ọn.

Thomas Ekundayo Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá onídùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Sówándé, ọmọ Ẹ̀gbá, ti kọ́ dùùrù kó tó lọ sí ìlú òyìnbó, tó sì gba FRCO ní 1943. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni Sówándé kọ orin fún jù, àmọ́ òun ló fi han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ohùn Yorùbá lè jókòó sórí kọ́kọ́rọ́ dúdú àti funfun láìtijú. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ-ọmọ Josiah, ọmọ Abẹ́òkúta yìí náà, lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní 1958. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ilé-ẹ̀kọ́ Trinity yẹn kan náà ni Akin Euba ti jáde, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935 tó sì kú ní 2020. Euba ló fún ọ̀nà náà lórúkọ: African pianism. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a máa lo píánò bí ẹni ń lo ìlù àti agogo: kí ọwọ́ òsì máa tún ohun kan náà ṣe bí omele, kí ọwọ́ ọ̀tún máa sọ̀rọ̀ bí ìyá-ìlù, kí méjì máa lọ lórí mẹ́ta.

Nítorí náà, tí ọmọ wa bá mú irú orin yìí lọ síwájú olùdánwò, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ogún ni.

ÀWỌN ORIN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ díẹ̀, kí n sì sọ irú ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ.

Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935 sí 1976) kọ Nigerian Suite ní 1957, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Àwọn orin kúkúrú ló wà nínú rẹ̀; «Forest Rains» àti «October Winds» wà lára wọn. Ọmọ tó ti rìn dé àárín ọ̀nà, tí ìka rẹ̀ ti dúró, tó sì ní ojú inú láti ya àwòrán òjò àti atẹ́gùn, yóò rí nǹkan fi ṣe níbẹ̀. Ó tún kọ àwọn sonata fún píánò. Ìyẹn ti di ti ẹni tó ti dàgbà nínú iṣẹ́.

J. H. Kwabena Nketia, ará Ghana, tó kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 97, fi ìwé kan sílẹ̀ tí ó jáde ní 1994: African Pianism, orin 12 tó kọ nítorí akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Tí ẹ bá ní ọmọ tí ìlù ń dà láàmú, ìwé yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ló kọ ọ́, ó sì hàn níbẹ̀.

Fred Onovwerosuoke, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Ghana tó ń gbé Amẹ́ríkà, kọ 24 Studies in African Rhythms. Ìlù oríṣiríṣi ẹ̀yà ló kó jọ síbẹ̀. Àwọn kan rọrùn, àwọn kan lágídí.

Joshua Uzoigwe (1946 sí 2005), ọmọ Ìgbò, kọ Talking Drums. Nínú rẹ̀ ni «Egwu Amala» wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Kì í ṣe àmàlà tí à ń fi ewédú gbé mì. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Ìgbò, ijó àwọn ará etí odò sì ni. Orin náà dùn, ó ń fò, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lókè pátápátá nínú ìpele ló tọ́ sí.

Euba fúnra rẹ̀ kọ Scenes from Traditional Life ní 1970, apá mẹ́ta. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Orúkọ orin náà ń pè wá wálé, ìlù inú rẹ̀ jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n máa ń to nóòtù méjèèjìlá tẹ̀lé ara wọn láìfi ọ̀kan ṣe olórí. Iṣẹ́ àgbà ni. Ọmọ SS tó bá dá a lé nítorí orúkọ yóò rí i pé orúkọ kì í tẹ píánò. Torí pé orin kan jẹ́ tiwa kò sọ ọ́ di ìrọ̀rùn, torí pé òmíràn jẹ́ ti àlejò kò sì sọ ọ́ di ohun tí kò yẹ wá.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí Béla Bartók, ará Hungary. Ó rìn káàkiri abúlé, ó ń gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Láàrin 1926 sí 1939 ló kọ Mikrokosmos, orin 153 nínú ìwé mẹ́fà, láti orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìka dé orí ọ̀gá. Ọmọ tí Nketia bá mu, Bartók yóò bá a mu, nítorí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe nílé wọn.

Ìwé kan wà tó kó púpọ̀ nínú àwọn tiwa jọ: Piano Music of Africa and the African Diaspora, tí William Chapman Nyaho, onípíánò ọmọ Ghana, ṣe àkójọ rẹ̀, tí Oxford University Press sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 2007. Ìwé márùn-ún ni, wọ́n sì tò ó láti orí èyí tó rọ̀ sí èyí tó le. Tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní in, olùkọ́ ibẹ̀ kò ní máa wá orin kiri.

BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN

Èkíní, ẹ ra ìwé ìlànà ọdún náà tàbí kí ẹ rí i kà, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ìdánwò ojúkojú ABRSM, inú àkọsílẹ̀ wọn ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti mú orin. Ní ti fídíò, ọ̀kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ àṣàyàn tirẹ̀, bí kò bá ti rọ̀ ju ìpele náà lọ. Ẹ ò rí i bí? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún Bánkọ́lé àti Nketia, bí wọn kò tilẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ ọdún yẹn. Bákan náà ni ti WAEC: ìwé ìlànà tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ọmọ tó ń wo ìpele 6 sókè ní ABRSM sì rántí pé ó gbọ́dọ̀ ti yege ìpele 5 ní Theory ná, tàbí ìdánwò ìpele 5 mìíràn tí ABRSM gbà dípò rẹ̀.

Èkejì, ẹ wọn ọwọ́ ọmọ. Mo ní ẹ wọ̀n ọ́n. Kí ó na àtàǹpàkò àti ìka kékeré láti C dé C. Tí kò bá dé ibẹ̀ láìfagbára, kí ẹ má fún un ní orin tó kún fún octave, bó ti wù kó dùn tó. Ọwọ́ á dàgbà, orin náà ò ní sá lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ orin mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó yan ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún un, tàbí kí ẹ wá a lórí fóònù. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ bi í léèrè èyí tó ń kùn lẹ́nu. Èyí tí etí rẹ̀ ti gbé pamọ́ láìjẹ́ pé a rán an, ìyẹn ló máa fi sùúrù kọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dán ìlù rẹ̀ wò kúrò nídìí píánò. Kí ọmọ ka 1 dé 12 ní ìwọ̀n kan náà, kó máa tún un ṣe. Kó pàtẹ́wọ́ ní 1, 3, 5, 8 àti 10. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní 1, 4, 7 àti 10. Ìlù agogo tó wọ́pọ̀ ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Ọmọ tó ń gbọ́ dùndún lọ́jọ́ Lísàbí, tí bàbá rẹ̀ sì ń gbé sákárà Yusuf Ọlátúnjí sí i nínú ọkọ̀, etí rẹ̀ ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá lè ṣe é lórí ìdúró lè ṣe é lórí kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá ṣeé ṣe fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú orin mìíràn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó fẹnu kọ ọ́ kó tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Púpọ̀ nínú orin àwọn èèyàn wa ló ń tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Kí ọmọ fi gbólóhùn Yorùbá tirẹ̀ sí i, èyíkéyìí tí ohùn rẹ̀ bá bá a mu. Ẹ máa rí i pé gbólóhùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ lánàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Máàkì tí wọ́n ń fún ìrísí orin, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wo píánò tó wà nílẹ̀. Kí íbọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ 61 dára fún orin ìyìn, ṣùgbọ́n orin tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìlù ńlá nísàlẹ̀ kò ní rí àyè níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ 88 ni píánò ní, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì ní pẹ́dàlì. Bí ọmọ kò bá ní ju kékeré lọ nílé, ẹ yan orin tí kò jìnnà sí àárín, kí ẹ sì jẹ́ kó máa rí píánò gidi tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nílé-ẹ̀kọ́.

Èkeje, ẹ jẹ́ kí orin tó kù bá a tan. Bí orin ìgbàlódé bá jẹ́ èyí tó ń lù tó ń fò, kí ọ̀kan nínú ìyókù jẹ́ èyí tó ń fà pẹ̀lẹ́. Olùdánwò fẹ́ mọ̀ pé ọmọ ní ju ohùn kan lọ.

Lákòótán, ẹ tètè yàn án. Kí oṣù mẹ́fà wà láàrin àṣàyàn àti ìdánwò. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ọmọ kò tíì lè tẹ̀ ẹ́ dópin láìdúró, orin náà ti ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ fi rọ́pò rẹ̀ kíá. Olùkọ́ tó pààrọ̀ orin lọ́sẹ̀ kẹjọ gba ọmọ là ju èyí tó ń sọ pé «á bọ́ sí i» títí di ọjọ́ ìdánwò.

SÍ Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ ló ń ṣe ìdánwò, kì í ṣe ẹ̀yin. Nígbà tí olùkọ́ bá ní orin kékeré ni òun fẹ́ fún un, ẹ má bi í pé «ṣé èyí náà ni ọmọ mi á fi san owó ìdánwò?» Orin ojú ìwé kan tí ọmọ tẹ̀ tó dán gbinrin lè gba 27 nínú 30. Orin ojú ìwé mẹ́jọ tó dojú rú lè má dé 20 tí wọ́n fi ń yege. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ làá ra bàtà; ẹni tó ra èyí tó tóbi jù fún ọmọ, ọmọ náà ni yóò ṣubú.

Ohun mìíràn ni pé kẹ́ ẹ má fi orin ilé ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti gbọ́ tí òbí ń sọ pé «ìlù bàtá la fẹ́ fi píánò lù?» Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú 1963, Euba kọ orin kan tó ń jẹ́ Igi Nlá So, tí píánò àti ìlù Yorùbá mẹ́rin jọ ń ṣe. Píánò kò sọ ipò rẹ̀ nù níbẹ̀, ìlù náà kò sì sọ tirẹ̀ nù.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Mo ti fẹ́ẹ̀ parí. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, olùkọ́ kan kò lè dá a ṣe pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Orin wà, ìwé rẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ wa. Púpọ̀ nínú ìwé àwọn tiwa ni a kì í rí rà ní ọjà Abẹ́òkúta, fọ́tòkọ́pì ti fọ́tòkọ́pì ló sì ń yí kiri, tí nóòtù ti parẹ́ lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé kò bófin mu láti gbé e lọ sídìí ìdánwò, owó tó tọ́ sí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà àti ìdílé wọn ni à ń jẹ.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta péré. Kí ẹ̀ka wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà bá wa ra ìwé márùn-ún Nyaho, ti Nketia àti ti Onovwerosuoke, kí wọ́n sì rán wọn wá sí láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́. Kí ẹgbẹ́ máa san owó ẹni tó ń tún ohùn píánò ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí ọ̀rinrin òjò àti gbígbẹ ọyẹ́ kì í jẹ́ kí okùn rẹ̀ dúró. Ẹ̀kẹta ló wà lọ́kàn mi jù. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá ìyá yín jẹ́ onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ yẹ àpótí wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ orin sílẹ̀ lọ́wọ́, tí kò dé ilé ìtẹ̀wé rárá. Kí ikán tó jẹ ẹ́ tán, ẹ gbé e wá ká ya àwòrán rẹ̀, ká wò ó bóyá ọ̀kan tàbí méjì yẹ fún ọmọ wa láti fi ṣe àṣàyàn tirẹ̀ lórí fídíò. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ Abẹ́òkúta tó ń tẹ orin tí ará Abẹ́òkúta kọ, tí olùdánwò tó jókòó sí òkè òkun sì ń fetí sí i láti gbé e wọ̀n bó ṣe ń gbé ti Bartók wọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ni mo fi gbẹ̀yìn. Ẹ yan ohun tí ẹ lè gbọ́, ohun tí ọwọ́ yín dé, ohun tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣiṣẹ́. Àṣàyàn rere kì í rọ́pò iṣẹ́, àmọ́ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ṣòfò.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò máa lọ síwájú. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ọlọ́run á ká wa mọ́ àjọ̀dún tó ń bọ̀. Ire o.